Àdúrà, Bíbélì kíkà, ààwẹ̀ àti ìgbé ayé onígbàgbọ́: àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé lemọ́lemọ́

Mi ò mọ àdúrà gbà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà tí Jésù fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Mátíù 6:9-13. Ẹ má ṣe kà á wéréwéré bí ẹni tó fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ gbólóhùn kan, ẹ dúró, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín kún un kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá dé "Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí", ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ nílò lónìí gan-an: owó ilé, sùúrù pẹ̀lú ọmọ, oorun tó ń dá lójú yín lóru. Tẹ́ ẹ bá dé "Dárí gbèsè wa jì wá", ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ṣe lánàá. Ìṣẹ́jú 10 ti tó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fi odidi wákàtí kan lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ara kì í gbà á. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti sú u. Didache, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìjọ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí kò sí nínú Bíbélì, ní kí onígbàgbọ́ máa gba àdúrà Olúwa yìí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Àdúrà kúkúrú ni, àmọ́ kì í yẹ̀. Ẹ má sì wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri. Kí Jésù tó kọ́ wọn ní àdúrà yìí ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ́ ló ń mú kí Ọlọ́run gbọ́ (Mátíù 6:7).

Ṣé òwúrọ̀ ló dáa jù láti gbàdúrà ni àbí alẹ́?

Sáàmù 55:17 dárúkọ alẹ́, òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Dáníẹ́lì ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Jésù jí ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́ (Máàkù 1:35). Kò sí àṣẹ tó so wá mọ́ wákàtí kan pàtó. Ìgbà tí ojú yín bá dá, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní máa pè yín, ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ so ó mọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́, bíi kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lóru ti rí àkókò tirẹ̀. Kó má rò pé ti ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan ló pé.

Báwo ni mo ṣe lè ka Bíbélì láì pa á tì láàárín ọ̀nà?

Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò ní ìwé 66 àti orí 1,189. Ti àwọn Kátólíìkì jẹ́ ìwé 73. Ẹni tó bá ń ka orí mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́ á ka ti 66 tán láàárín ọdún kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró ni Léfítíkù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ìtàn ni wọ́n ń kà bọ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, wọ́n wá ṣàdédé bọ́ sínú òfin ẹbọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ìwúlò rẹ̀ fún wọn.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, ẹ fi Máàkù bẹ̀rẹ̀. Òun ló kúrú jù nínú àwọn Ìhìnrere mẹ́rin, orí 16 péré. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, kẹ́ ẹ tó padà sí Jẹ́nẹ́sísì. Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260, èyí tó túmọ̀ sí pé orí márùn-ún lọ́sẹ̀ á gbé yín dé ìparí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 52 géérégé, ọjọ́ méjì á sì kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ohun tẹ́ ẹ bá fò.

Ọjọ́ méjì yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Ètò tí kò fàyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí nǹkan kò lọ dáadáa á di gbèsè: ẹ pàdánù ọjọ́ mẹ́ta, orí mẹ́wàá wà nílẹ̀, ẹ ò wá fẹ́ rí ìwé náà sójú mọ́. Tírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi èyí tó ti kọjá sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka ti òní.

Mo ń kà á, àmọ́ tí mo bá ti pa á dé, kò sí ohun tó kù lọ́kàn mi.

Kíkà láti parí yàtọ̀ sí kíkà láti gbọ́. Fún èkejì yìí, Guigo Kejì, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, ṣàpèjúwe àkàbà tó ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti ìdákẹ́jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹ mú ẹsẹ 5 sí 10, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó bá di yín mú, ẹ tún un sọ lábẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè ibi tó ti kan ayé yín. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún Ọlọ́run, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn sínú bébà kékeré, kẹ́ ẹ tún wò ó ní ọ̀sán.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni yíyọ ẹsẹ kan kúrò láàárín àwọn ẹsẹ tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ ló mọ Jeremáyà 29:11 lórí, níbi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ọjọ́ iwájú àti ìrètí. Lẹ́tà sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì ni, ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ fún wọn pé ó di lẹ́yìn 70 ọdún. Ìlérí náà dúró, àmọ́ kì í ṣe ìlérí pé nǹkan á dáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ tó di ẹsẹ kankan mú, ẹ ka odidi orí tó wà nínú rẹ̀.

Ọkàn mi kì í dúró sójú kan tí mo bá ń gbàdúrà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi fóònù sí yàrá mìíràn. Pé ẹ dojú rẹ̀ dé nìkan kò tó. Ẹ gbàdúrà sókè, kó bọ́ sí etí yín. Ẹ fi bébà àti kálàmù sítòsí: tẹ́ ẹ bá rántí pé ẹ ní láti pe ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà. Tí ìjókòó bá ń mú yín tòògbé, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa rìn.

Tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń padà wá ṣáá, ó lè jẹ́ pé òun gan-an ni àdúrà yín. Gbèsè tẹ́ ẹ ń rò nígbà tẹ́ ẹ ń gbàdúrà fún ayé, ẹ kúkú gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ná. Ẹ má ka iye ìgbà tí ọkàn yín ṣáko lọ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á padà, ẹ ti gbàdúrà nìyẹn.

"Ẹ máa gbàdúrà láìsinmi": báwo ni òṣìṣẹ́ ṣe lè ṣe é?

Brother Lawrence, arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìsìn Karmeli ní Paris tó kú ní 1691, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìdáná, nígbà tó yá, ó ń tún sálúbàtà ṣe. Wọ́n rántí rẹ̀ nítorí pé ó kọ́ láti máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láàárín ìkòkò àti abọ́ bíi pé ó wà lórí eékún. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbàdúrà. Ó gbé àdúrà wọ inú iṣẹ́.

Ẹ mú ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ máa ń ṣe láìgbàgbé, ká ní ṣíṣí ilẹ̀kùn, bíbu omi mu, dídúró lórí ìlà, kẹ́ ẹ so gbólóhùn kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti ń lo èyí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: "Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Ẹ lè fi mímí sínú sọ ìdajì, kẹ́ ẹ fi mímí síta sọ ìyókù. Kẹ́ ẹ tó dáhùn lẹ́tà tó bí yín nínú, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀.

Kí ni àyẹ̀wò ọkàn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é?

Àdúrà téèyàn fi ń yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò níwájú Ọlọ́run ni. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló ní, gẹ́gẹ́ bí Ignatius ti Loyola (1491-1556), olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ìsìn Jésúìtì, ṣe fi kọ́ni. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni lálẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ohun pàtó tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Ẹ bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ pé kó fi ìmọ́lẹ̀ hàn yín. Ẹ padà gba inú ọjọ́ náà kọjá ní wákàtí wákàtí, láti jíjí títí di ìsinsìnyí: ibo ni ẹ ti ṣe rere, ibo ni ẹ ti gún ẹnì kan lọ́kàn? Ẹ tọrọ ìdáríjì. Ẹ wá mú ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́la.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ọpẹ́, tí wọ́n á bọ́ tààrà sórí ẹ̀ṣẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò náà ti di ìgbẹ́jọ́, wọ́n á sì sá fún un. Ọpẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá sì máa ń sùn lọ lórí rẹ̀, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó jẹun alẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè gbààwẹ̀ láìṣe ara mi léṣe?

Ẹ fi oúnjẹ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀: ẹ fo oúnjẹ ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ fi àkókò yẹn gbàdúrà. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè gbà á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa mu omi. Ẹni tó máa ń mu kọfí lójoojúmọ́ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí orí fífọ́ tó ń yọ ọ̀pọ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ ààwẹ̀, kọfí tí ara kò rí ló máa ń fà á. Oúnjẹ díẹ̀ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣínu. Oúnjẹ wúwo àti ọlọ́ràá á mú kí inú run yín.

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mú fọ́mọ, ọmọdé, ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa, ẹni tí oògùn rẹ̀ ní láti bá oúnjẹ lọ, àti ẹni tó ti fìgbà kan rí fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí kó lè tín-ín-rín: kí wọ́n má fi oúnjẹ du ara wọn láìkọ́kọ́ rí dókítà. Òfin ìjọ Kátólíìkì pàápàá, ẹni ọdún 18 sí 59 nìkan ló di ààwẹ̀ rù. Tí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bo yín, tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ jẹun lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí oúnjẹ kankan kò wọ inú rẹ̀ léwu jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣínu, torí àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ lè ṣàdédé yí padà débi tí ọkàn kò ní lù dáadáa mọ́. Láìsí dókítà, ẹ má ṣe é. Ẹ lè gbààwẹ̀ nípa yíyẹra fún ẹran, ìkànnì ayélujára tàbí eré wíwò, kó sì jẹ́ ààwẹ̀ tòótọ́.

Àṣìṣe tó jinlẹ̀ jù kì í sí nínú ikùn. Nínú Aísáyà 58, àwọn èèyàn béèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi wo ààwẹ̀ wọn. Ó dá wọn lóhùn pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ gan-an, wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára, wọ́n sì ń jà. Ó ní kí wọ́n pín oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Nítorí náà, ẹ ṣírò iye tí oúnjẹ tẹ́ ẹ fò ì bá ná yín, kẹ́ ẹ fún ẹni tí kò ní. Tí ebi bá ń mú yín jágbe mọ́ ará ilé, ẹ jẹun, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún wákàtí tó kéré sí i.

Ṣé dandan ni ìdámẹ́wàá, pàápàá tí mo bá jẹ gbèsè?

Ìjọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Àwọn kan dúró lórí Málákì 3:10, tó ní kí wọ́n mú gbogbo ìdámẹ́wàá wá, àwọn mìíràn ní òfin Ísírẹ́lì nìyẹn, pé 2 Kọ́ríńtì 9:7 ni ti wa: kí kálukú fi fúnni bó ṣe pinnu lọ́kàn rẹ̀, kì í ṣe tipátipá. Èyí tó wù kẹ́ ẹ dì mú, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí ìnáwó mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá kù lópin oṣù, díẹ̀ ni, nígbà mìíràn kì í kù rárá.

Ẹ má yá owó láti fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ. Ẹ má sì fi oúnjẹ àwọn ọmọ yín ṣe é. 1 Tímótì 5:8 le lórí ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀. Tí gbèsè bá wà, ẹ fúnni ní iye kékeré tí kò ní yẹ̀, kẹ́ ẹ san gbèsè náà bí ẹ ṣe ṣèlérí, torí ẹni tó yá yín lówó náà ní ẹ̀tọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ lè rí ìwòsàn, ẹ ka Ìṣe 8:18-20 kẹ́ ẹ rí ohun tí Pétérù sọ fún Símónì tó fẹ́ fi owó ra ẹ̀bùn Ọlọ́run.

Ọ̀gá mi ní kí n fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ má wàásù fún un. Ẹ sọ ọ́ ní kúkúrú, ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò lè fọwọ́ sí i bó ṣe wà yìí, àmọ́ mo lè fọwọ́ sí i tí a bá kọ iye tó jẹ́ gan-an." Ẹ ti mú ohun tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sí wá, kó má jẹ́ pé ẹ kàn kọ̀ ni. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà àti déètì ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jókòó ti ìdílé yín, kẹ́ ẹ ṣírò ohun tó máa ná yín tí iṣẹ́ náà bá bọ́. Ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ ti wò lójú kì í le tó èyí tó bá yín lójijì.

Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìjẹ́wọ́ fún Ọlọ́run kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tẹ́ ẹ rẹ́ jẹ rẹ́. Sákéù ṣèlérí pé òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin (Lúùkù 19:8). Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó dé ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín, kẹ́ ẹ sì gba ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo ń padà sí. Ṣé mo ti ronú pìwà dà lóòótọ́?

Ẹni tí kò ronú pìwà dà kì í sábà béèrè. Àmọ́ ẹkún nìkan kò tó. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń gbà wọlé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ ohun tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀: aago mélòó, ibo, ta ló wà níbẹ̀, ṣé ó rẹ̀ yín, ṣé ebi ń pa yín, ṣé inú ń bí yín, ṣé ẹ dá wà? Ẹ máa rí i pé ojú ọ̀nà kan tàbí méjì ló ń gbà. Ojú ọ̀nà yẹn ni kẹ́ ẹ dí. Jósẹ́fù kò dúró bá aya Pọ́tífà jiyàn. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó sá (Jẹ́nẹ́sísì 39:12). Tó bá jẹ́ fóònù lóru ni, ẹ máa fi sílẹ̀ ní pálọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹnì kan (Jákọ́bù 5:16): àgbà tó lè pa àṣírí mọ́, obìnrin fún obìnrin, ọkùnrin fún ọkùnrin. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ìbéèrè kan tí yóò máa bi yín lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́jẹ̀ẹ́ pé "láéláé mi ò ní ṣe é mọ́". Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ìtìjú ẹ̀jẹ́ tó bàjẹ́ ni kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè padà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni kẹ́ ẹ padà, pẹ̀lú 1 Jòhánù 1:9 lẹ́nu, ìlérí pé Ọlọ́run á dárí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́.

Bárakú yàtọ̀. Ọtí, oògùn olóró àti tẹ́tẹ́ nílò ìtọ́jú pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà. Gìrì lè mú un, ó sì lè pa á.

Mo ti dárí jì í. Ṣé dandan ni kí n padà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Rárá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń dà pọ̀. Ìdáríjì ni pé ẹ gbé ẹ̀san lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ lè dá a ṣe. Ìlàjà gba ẹni méjì, ó sì gba ìrònúpìwàdà (Lúùkù 17:3). Ìgbẹ́kẹ̀lé ń padà díẹ̀díẹ̀ nípa ìwà tí ojú rí. Nínú 1 Sámúẹ́lì 24, Dáfídì dá ẹ̀mí Sọ́ọ̀lù sí nínú ihò, Sọ́ọ̀lù sunkún, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi. Síbẹ̀, nígbà tí Sọ́ọ̀lù padà sílé rẹ̀, ibi ààbò tirẹ̀ ni Dáfídì gbà lọ.

Ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé, kó kọ́kọ́ kúrò níbi tí ọwọ́ á ti bà á, kó sọ fún ẹni tó lè dáàbò bò ó. Fífi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kò ba ìdáríjì jẹ́. Ní ti ìrora tó ń padà wá, níwájú Ọlọ́run, ẹ dárúkọ ohun tí ẹni náà ṣe yín láì dín in kù, ẹ sọ pé ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ nígbàkigbà tó bá tún jí. Pé ó tún ń dùn yín kò túmọ̀ sí pé ìdáríjì àkọ́kọ́ jẹ́ irọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀ tàbí èrò ọkàn mi? Wọ́n ríran sí mi ńkọ́?

Ẹ gbé e yẹ̀ wò lọ́nà mẹ́rin. Ṣé ó tako Ìwé Mímọ́? Kí ni àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ sọ, àwọn tí kò ní jèrè nínú rẹ̀? Ṣé ó ṣì dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ó ń bí àlàáfíà àti ìkóra-ẹni-níjàánu, àbí ìpayà àti ìkánjú? Ignatius tún fi èyí kún un: nígbà tí ọkàn bá ṣókùnkùn, ẹ má yí ìpinnu tẹ́ ẹ ṣe nígbà tó mọ́lẹ̀ padà.

1 Tẹsalóníkà 5:20-21 ní ká má kẹ́gàn àsọtẹ́lẹ̀, ká sì dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹni tó bá ríran sí yín kò gbọ́dọ̀ bínú pé ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìran tó bá béèrè owó, tó ní kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí tó fi ìka kan ará ilé yín pé òun ni ọ̀tá, ẹ má ṣe ohunkóhun lé e lórí. Ìdílé tí irú ìran bẹ́ẹ̀ ti tú ká kò kéré.

Mo gbàdúrà, kò gbà. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré?

Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀gún kúrò lára rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ló rí gbà dípò (2 Kọ́ríńtì 12:8-9). Jésù gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta ní Gẹtisémánì kí ago náà ré òun kọjá, ó sì mu ún. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Jésù kéré? Ẹ má gbé ẹ̀bi yẹn rù, ẹ má sì gbé e lé aláìsàn lórí. Ẹ máa lo oògùn yín bí dókítà ṣe kọ ọ́. Lúùkù tó jẹ́ oníṣègùn wà lára àwọn tó bá Pọ́ọ̀lù rìn (Kólósè 4:14).

Ọkàn mi gbẹ. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ohunkóhun látọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Jòhánù ti Àgbélébùú (1542-1591), àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Sípéènì, fi àmì mẹ́ta lélẹ̀ fún ọ̀gbẹlẹ̀ tí Ọlọ́run ń lò láti sọ ọkàn dàgbà: adùn kò sí nínú ohun Ọlọ́run, kò sì sí nínú ohun ayé, ọkàn ń dààmú pé òun kò sin Ọlọ́run dáadáa, àṣàrò tó rọrùn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé ṣe mọ́. Àníyàn yẹn ni ìyàtọ̀. Ẹni tó kàn ti tutù kì í dààmú. Tó bá jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ má dín àkókò kù.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Nínú 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí òun kú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Ó fún un ní oúnjẹ àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ, kí Èlíjà tó lọ sí Hórébù, òkè Ọlọ́run. Tí oorun, oúnjẹ àti ayọ̀ bá ti sá fún yín fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà, ó lè jẹ́ àìsàn ìsoríkọ́. Tí èrò pé kẹ́ ẹ pa ara yín bá ń wá, ẹ má dá wà lónìí. Ẹ pe ẹnì kan nísinsìnyí, kó bá yín dé ilé ìwòsàn.

Ní ti àdúrà, ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn títí tiyín á fi padà. Sáàmù 88 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe, ó sì parí sínú òkùnkùn láìsí ìtùnú kankan, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì. Ẹ kà á sókè fún Ọlọ́run bó ṣe wà. Tí ìyẹn pàápàá kò bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó ti ẹnì kan tó lè gbàdúrà sí yín létí, kẹ́ ẹ máa ṣe Àmín sí i.